Ìka Méjì Lẹ́yìn Mi

Obìnrin tó kọ́ mi níjó nígbà tí mo wà lọ́mọdé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀yìn mi bá ti tẹ̀, yóò rọra rìn wá, yóò fi ìka méjì tẹ àárín èjìká mi, yóò sì kọjá lọ bá ẹlòmíì. Kì í dunni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́ kó má bàa jí ọmọ tó ń sùn. Lójú ẹsẹ̀ ni àyà mi yóò là, tí ọrùn mi yóò sì gùn sókè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti fi ijó sílẹ̀ (orúnkún mi ló kọ́kọ́ kọ̀, èmi tẹ̀lé e), síbẹ̀ bí mo bá tò sórí ìlà níbì kan tí ó rẹ̀ mí, tí mo fẹ́ ká jọ bí aṣọ, mo ṣì máa ń gbọ́ ìka náà lẹ́yìn mi.

Ó sọ fún wa nígbà kan pé bí olùkọ́ òun náà ṣe máa ń ṣe fún òun nìyẹn. Ìyẹn ni pé ìka tó wà lẹ́yìn mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ẹnì kan tí n kò rí rí ni, ẹni tó ṣeé ṣe kí òun náà ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń fi òru wo fídíò iṣẹ́ àwọn aṣètò ijó tí ayé ń sọ̀rọ̀ wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń lé oorun kúrò lójú mi. Bí ẹni tó dá ijó sílẹ̀ bá kú, níbo ni ijó náà ń gbé? Òǹkọ̀wé fi ìwé sílẹ̀, agbẹ́gilére fi igi sílẹ̀. Ara ènìyàn ni ijó ní, ara ènìyàn kò sì ṣeé kó sínú àpótí. (Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní aṣètò ijó. Ó wù mí kí n pè wọ́n ní “adájó”, ẹni tó dá ijó, ṣùgbọ́n àmì bíńtín abẹ́ lẹ́tà kan ló kù kó di adájọ́, kí ọ̀rọ̀ wa sì di ti kóòtù. A ó kúkú dé kóòtù náà kí n tó parí.)

Ọdún 2009 ni ìbéèrè yìí já lu ayé ijó lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Pina Bausch kú ní Wuppertal ní Jámánì, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ń bá a jà. Ẹni ọdún 68 ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, Merce Cunningham kú ní New York, ẹni 90 ọdún. Ikú bá Bausch lẹ́nu iṣẹ́, kò rí àyè palẹ̀ mọ́. Cunningham ti palẹ̀ tirẹ̀ mọ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Cunningham jẹ́. Owó ẹyọ ló fi ń ṣètò ijó. Yóò jù ú sókè kó lè pinnu èwo nínú ìgbésẹ̀ ni yóò ṣáájú, ènìyàn mélòó ni yóò wà lórí ìtàgé, ìhà ibo ni wọn yóò kọjú sí. Òun àti John Cage, olórin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe gùn tó, oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ń ṣe orin, ẹnì kan ń ṣe ijó. Lọ́pọ̀ ìgbà, alẹ́ tí ijó náà kọ́kọ́ jáde ni àwọn oníjó tó ń gbọ́ orin tí wọ́n ń jó sí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ní bóyá orí rẹ̀ dà rú. Èmi tí wọ́n fi “gbọ́ ìlù, gbọ́ ìlù” bá etí mi jà! Àfìgbà tí mo pa ohùn fídíò náà, tí mo wo ijó lásán, ni mo tó rí nǹkan tó wà níbẹ̀. Àwọn oníjó yẹn kò ní ohunkóhun tí wọn yóò fara tì. Wọ́n ń ka àkókò nínú ara wọn, wọ́n ń fi igun ojú wo ara wọn, ẹnì kan mí sínú, ẹni kejì sì gbéra. Nígbà tí Cunningham lé ní 70 ọdún, tí oríkèé-ríro dè é mọ́lẹ̀, ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to ìgbésẹ̀ jọ lórí ère tí kò ní ẹran lára, ó sì ń gbé ohun tí ère náà ṣe wá fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fi egungun gidi gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ìlànà tó fi sílẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ oníjó òun rìn káàkiri ayé fún ọdún méjì lẹ́yìn òun, kí wọ́n sì tú ká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n jó kẹ́yìn ní New York. Ohun tó ṣẹ́ kù wà nínú àkójọ tí wọ́n ṣe fún ijó tó lé ní 80. Fídíò wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán aṣọ àti ètò iná, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un jó lè gba àṣẹ kó sì rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi sí i. Ta ló ń ti ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́? Mo wá ro ó pé àwọn oníjó náà ní ayé tiwọn láti gbé, kò sì fẹ́ sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́ ibojì. Síbẹ̀, iyèméjì mi kò tán. Kò sí ìka méjì nínú àkójọ yẹn.

Ibi tí Cunningham ti wá ni ilé Martha Graham. Ó wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1939 kó tó yapa lọ. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé Graham fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ijó, Lamentation tí ó ṣe ní 1930 ni mo máa ń fi hàn án. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aṣọ elésè àlùkò kan tó ń fà bíi rọ́bà bò ó bí àpò, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló yọ. Kò rìn lọ síbì kankan. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó tẹ̀ sí òsì, orúnkún ń ti aṣọ láti inú, ìgbọ̀nwọ́ ń wá ọ̀nà àbájáde, aṣọ náà ń fà títí yóò fi di igun ṣóńṣó lókè orí rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbàgbé pé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni mo ń wò, pẹ̀lú eegun rẹ̀.

Ikùn ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èémí jáde, ikùn wọlé, ẹ̀yìn tẹ̀ bí ọrun. Èémí wọlé, ara tú. Lórí ohun méjì yìí ni Graham kọ́ gbogbo ọ̀nà ijó rẹ̀ lé, wọ́n sì ń kọ́ ọ káàkiri ayé títí dòní. Mo dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá mi lọ́jọ́ kan, mo dán an wò. Lẹ́ẹ̀kẹta tí mo ṣe é, ọ̀fun mi dí. Kò sí ohun tó ń dùn mí lọ́jọ́ náà o! Ara ló rántí pé bí òun ṣe máa ń rí nìyí tí òun bá ń sunkún. Graham fúnra rẹ̀ sọ ìtàn obìnrin kan tó wá bá a lẹ́yìn ìtàgé, tó ti ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ láìrí omijé, tó sì jẹ́ pé ijó yẹn ló jẹ́ kó sunkún.

Graham kú ní 1991, ẹni ọdún 96. Ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àárín ọ̀rẹ́ náà àti ilé iṣẹ́ tí Graham dá sílẹ̀ sì dà rú. Ní ọdún 2000 iṣẹ́ dúró, àwọn oníjó tó ní ijó náà lára kò lè jó o. Ibí ni a ti dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ní 2002, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní New York yẹ ijó 70 wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ gba 45, ọ̀rẹ́ tó jogún gba ẹyọ kan, mẹ́wàá sì di ti gbogbo ayé. Ohun tí kóòtù dì mú ni pé nígbà tí Graham ń dá púpọ̀ nínú wọn, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà ni. Obìnrin tó fi ikùn ara rẹ̀ wá ijó kàn, òfin ní òṣìṣẹ́ lásán ni. Mo mọ̀ pé ìdájọ́ yẹn ló gba ijó náà là, torí pé àwọn oníjó rí i jó padà. Ó ṣì ń ta mí bákan.

George Balanchine kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Nígbà tó kú ní 1983, ìwé ìhágún rẹ̀ pín àwọn ijó bí ẹni pín ilẹ̀ oko, èyí fún oníjó yìí, èyí fún akọ̀wé, èyí fún ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìhágún ni mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Serenade ni. Ní 1934, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ijó tuntun ní New York. Alẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí to ijó náà, ọmọbìnrin 17 ló wá, ó sì to ti 17. Lọ́jọ́ kejì mẹ́sàn-án ló rí, lọ́jọ́ kẹta mẹ́fà. Iye tó bá ti rí náà ló ń lò. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ṣubú, ó bú sẹ́kún. Balanchine fi ìṣubú náà síbẹ̀. Lọ́jọ́ míì, ọ̀kan pẹ́ dé. Ó fi ìyẹn náà síbẹ̀. Ó ti lé ní 90 ọdún báyìí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jó Serenade, ọmọ yẹn ṣì ń pẹ́ dé, ó ṣì ń wá ààyè rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti dúró létòlétò.

Ẹ má rò pé ènìyàn kò gbìyànjú láti kọ ijó sílẹ̀ o. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n fi àmì bíi ti orin kọ púpọ̀ nínú ijó Marius Petipa sílẹ̀. Ẹnì kan kó ìwé náà sá jáde lẹ́yìn ìyípadà ìjọba, òun ni wọ́n sì fi tún àwọn ijó náà gbé dìde ní London ní àwọn ọdún 1930. Rudolf Laban gbé ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ jáde ní 1928, òun ni Hanya Holm fi kọ ijó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1952 tó fi rí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ gbà lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n oníjó tó lè kà wọ́n kò pọ̀, ìwé sì ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ lọ ju ìdí tí ẹsẹ̀ fi lọ.

Ijó tó sọ nù pátápátá ni ti Vaslav Nijinsky, The Rite of Spring, tó jáde ní Paris ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1913. Ariwo àwọn òǹwòran bo orin Stravinsky mọ́lẹ̀ débi pé Nijinsky gun àga lẹ́yìn ìtàgé, ó ń pariwo ìṣirò fún àwọn oníjó. Wọn kò jó o tó ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tó yá, àìsàn ọpọlọ mú Nijinsky, kò sí ẹni tó rántí ijó náà tán. Obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, Millicent Hodson, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a kiri. Ó rí àkọsílẹ̀ tí olùrànlọ́wọ́ Nijinsky ṣe sí etí ìwé orin, ó rí àwòrán tí ẹnì kan yà láti orí ìjókòó òǹwòran, títí ẹgbẹ́ Joffrey fi jó o ní 1987. Mo ti wò ó. Ó dà bí àwòrán bàbá kan tí wọ́n yà láti ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀. Imú jọ, etí jọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó yà á.

Katherine Dunham gba ọ̀nà míì, mo sì rò pé wọn kò tíì fún un ní ipò tó tọ́ sí i. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ni, láti Yunifásítì Chicago. Ní 1935 ó lọ sí Haiti, Jàmáíkà, Trinidad àti Martinique, ó sì bá wọn jó dípò kó jókòó pẹ̀lú ìwé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohun tó kó bọ̀ ni ó fi kọ́ ọ̀nà ijó kan tó kí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìbàdí káàbọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fún ìbàdí mọ́lẹ̀ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọmọdékùnrin kan láti Texas, Alvin Ailey, wo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, kò sì gbàgbé. Òun ló dàgbà tó ṣe Revelations ní 1960, ijó tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì sinmi jíjó rẹ̀. Ẹni ọdún 82 ni Dunham nígbà tó gbààwẹ̀ ọjọ́ 47 ní 1992 nítorí àwọn ará Haiti tí Amẹ́ríkà ń lé padà lórí omi. Irú gbèsè báyìí ni mo mọ̀ pé aṣètò ijó jẹ, ẹni tó bá gba ijó lọ́wọ́ ènìyàn. Díẹ̀ ló ń san án.

Ti àìgbàṣẹ-gbé náà wà. Ní 1983, Anne Teresa De Keersmaeker, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, ṣe Rosas danst Rosas. Obìnrin mẹ́rin wà lórí àga, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ léra, wọ́n ń fa aṣọ kúrò léjìká, wọ́n ń tún un fà padà, wọ́n ń ju orí. Ní 2011, fídíò Beyoncé kan jáde, àwọn ìṣísẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. De Keersmaeker ní wọn kò béèrè lọ́wọ́ òun. Beyoncé ní iṣẹ́ náà wà lára ohun tó fún òun ní ìmísí. Gbogbo wa dúró de kóòtù. Ní 2013, De Keersmaeker gbé ijó náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó là á sí wẹ́wẹ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àga kọ́ ọ, kí ó sì fi fídíò tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ṣe é, àwọn àgbàlagbà ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣe é.

Èmi náà gbé àga. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tó rọrùn ni, àṣé ìṣirò ló wà níbẹ̀, ìṣirò líle. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, apá kejì ṣì ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti ju orí, mo máa ń gbàgbé ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà lókè.

Ti Bausch ló kù. Ìbéèrè ló fi ń dá ijó. Yóò bi àwọn oníjó rẹ̀ nípa ìbẹ̀rù wọn, ìfẹ́ wọn, ìgbà èwe wọn. Ẹnì kan yóò fọhùn, ẹnì kan yóò ṣe é pẹ̀lú ara. Ohun tí wọ́n fi dáhùn ló ń tò jọ. Ẹ ò rí i pé èyí yẹ kó jẹ́ ijó tó nira jù láti fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Ìdáhùn onítọ̀hún ni. Ó tún sọ nígbà kan pé nígbà tí òun fẹ́ tún Café Müller jó, ijó tó ń jó pẹ̀lú ojú tó di, òun kò rí ìmọ̀lára kan tó ṣe pàtàkì fún òun mọ́, ó sì wá yé òun pé lábẹ́ ìpéǹpéjú ni ọ̀rọ̀ wà, bóyá ẹyin ojú ń wo ilẹ̀ ni tàbí ó ń wo iwájú. Ojú di o! Kámẹ́rà wo ló fẹ́ rí ìyẹn?

Síbẹ̀ òun ló fi ijó rẹ̀ lé àwọn tí kò yẹ lọ́wọ́. Kontakthof, tó ṣe ní 1978, bẹ̀rẹ̀ báyìí: ènìyàn kan rìn wá síwájú, ó fi ẹ̀gbẹ́ ara hàn wá, ó fi ẹ̀yìn hàn, ó ṣí ẹnu fi eyín hàn, ó fi ọwọ́ gba irun sẹ́yìn, ó padà. Ní 2000, ó kó àwọn ará Wuppertal tí wọ́n ti lé ní ọdún 65 jọ, tí wọn kì í ṣe oníjó, ó kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Ní 2008, ó tún fi fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣì ń lọ sí iléèwé. Mo wo bí ìyá àgbà kan ṣe ṣí ẹnu rẹ̀, mo wo bí ọmọ tí kò tíì dàgbà ṣe ṣí tirẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan náà ni. Eyín ìyá àgbà ń sọ ohun tó ti kọjá, ọmọ náà ń béèrè bóyá òun lẹ́wà.

Òun náà ní The Rite of Spring tirẹ̀, láti 1975. Ilẹ̀ dúdú ni wọ́n dà sórí ìtàgé, àwọn oníjó ń jó nínú rẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ òógùn wọn, èémí wọn ń dún ketekete. Aṣọ pupa kan ń lọ láti ọwọ́ obìnrin dé ọwọ́ obìnrin, ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn pé kí ó má kan àwọn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni yóò jó títí tí yóò fi kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn tó ti jó o lábẹ́ Bausch lọ kọ́ àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14 ní Toubab Dialaw, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní École des Sables, iléèwé Germaine Acogny. Acogny fúnra rẹ̀ yẹ fún àròkọ kan lọ́tọ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti bí i, ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ ìyá olórìṣà, ọmọ Yorùbá. Òun ló darí Mudra Afrique, iléèwé ijó tí Maurice Béjart, aṣètò ijó ọmọ Faransé, àti Ààrẹ Senghor dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1977. Nínú ọ̀nà ijó tó dá sílẹ̀, àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, ọ̀pá ẹ̀yìn ni igi tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Wọ́n ti fẹ́ jáde ní Dakar nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí ìjọba fòfin de ìpéjọ. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n lọ sí etí òkun ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jó o lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Iyanrìn dípò ilẹ̀ dúdú. Kò sí òrùlé, kò sí ìjókòó. Oòrùn ń lọ, ìmọ́lẹ̀ ń pa rẹ́ lára wọn díẹ̀díẹ̀, obìnrin tí wọ́n yàn sì ń jó nínú aṣọ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì, ó ń fà á yọ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń gún ikùn ara rẹ̀. Kò rí Bausch rí, bẹ́ẹ̀ ni Bausch kò rí i rí. Ó dojú bolẹ̀, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣì ń mí.

Mo wo aago, aago méjì òru ti kọjá. Àga tí mo fi ń kọ́ Rosas ni mo jókòó lé láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀yìn mi nà.